"Mo Rò Pé Ìwọ Lo Gún Un": Bí Agbẹ̀bí àti Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Pín Iṣẹ́

Òṣìṣẹ́ lè pé sí yàrá ìgbẹ̀bí, kí iṣẹ́ kan ṣì bọ́ sáàárín wọn. Ìyẹn ni kí agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ṣe ti pín iṣẹ́ kí orí ọmọ tó yọ. Ẹnu ni kí wọ́n fi pín in, kì í ṣe ojú. Níbi tí nọ́ọ̀sì náà ti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí pàápàá, ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà ìrọbí, agbẹ̀bí ló ń yẹ ẹnu ilé ọmọ wò ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, òun ló sì ń sọ bóyá ìrọbí ń tẹ̀ síwájú. Nọ́ọ̀sì lè máa wọn ìfúnpá àti ìgbóná ara, kó sì máa rán ìyá létí kó lọ tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí orí ọmọ sọ̀ dáadáa. Bí ìrọbí bá ti gbóná, ìṣẹ́jú 30-30 ni kí wọ́n máa gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ, fún odidi ìṣẹ́jú kan. 110 sí 160 ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tó gbọ́ ọ ni kó kọ ọ́, lójú ẹsẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi orí rò nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde. Oxytocin, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ má bàa pọ̀ jù, yúnììtì 10 rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ itan ìyá, ṣùgbọ́n ó léwu bí ọmọ kejì bá ṣì wà nínú. Nítorí náà, agbẹ̀bí á fọwọ́ kan ikùn, á sọ ọ́ sókè pé: "Kò sí ọmọ mìíràn." Nọ́ọ̀sì á gún un, á dáhùn pé: "Mo ti gún un, yúnììtì 10, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 12." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìdáhùn yẹn.

Bí ọmọ kò bá wá ké ńkọ́? Nọ́ọ̀sì á nu ún gbẹ, á fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Bí kò bá ṣì mí, kí ìṣẹ́jú kan tó pé ni yóò ti máa fi báàgì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti dí nìyẹn. Ta ni yóò wá gún abẹ́rẹ́? Agbẹ̀bí ni, kí wọ́n sì ti fẹnu kò lé e lórí tẹ́lẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá sáré tọ ọmọ lọ, ìyá lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó. Bí ẹni kẹta bá wà nítòsí, kí wọ́n pè é kí ọmọ tó jáde.

Lẹ́yìn tí ibi bá ti jáde, ìṣẹ́jú 15-15 fún wákàtí méjì ni kí nọ́ọ̀sì fi máa fọwọ́ kan ilé ọmọ bóyá ó le. Ẹ̀jẹ̀ máa ń rọra ṣàn sábẹ́ ìdí, aṣọ á fà á mu, ojú kò sì ní rí i. Kò yẹ kí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ dà á nù. Kó wọ̀n ọ́n, kó yọ ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ kúrò. Gíráàmù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà kan. Bó bá ti di 500, kó ké pe agbẹ̀bí. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì kan ikùn ìyá náà.