Igbó Ọ̀ṣun ní Ọjọ́ Tí Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ọdún

Lánàá ni àbúrò mi tí ó ń gbé Ìbàdàn pè mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ wá wo Igbó Ọ̀ṣun ní ọjọ́ Sátidé. Ṣé ó tó ohun tí à ń torí rẹ̀ wọkọ̀?" Ó yà mí lẹ́nu pé n kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Òròkí, ìyẹn Òṣogbo tí igbó náà wà, ni mí, ṣùgbọ́n àsìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ nìkan ni mo máa ń dé ibẹ̀, nígbà tí èrò ń pọ̀ débi pé ìpàkọ́ ẹni iwájú ni èèyàn ń wò títí Arugbá, ọmọbìnrin tí ń ru igbá Ọ̀ṣun lọ sí odò, yóò fi kọjá. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí i, mo sì lọ ní òwúrọ̀ òní.

Mo san owó ìwọlé, mo rìn díẹ̀, ariwo ọ̀kadà sì dákẹ́ lẹ́yìn mi. Héktà 75 ni igbó náà. Ọdún 1965 ni ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, UNESCO sì fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ìyẹn ni a sábà máa ń kà fún àlejò. Ohun tí ó dá èmi dúró ni ògiri kan tí èhù ti bò, tí ipa ìka ẹni tí ó mọ ọ́n ṣì hàn lára sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Nígbà tí àwọn agégi àti àwọn tí ń wá ilẹ̀ fẹ́ já igbó náà gbà, irú ògiri àti ère báyìí ni Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950, àti àwọn bí Adébísí Àkànjí, tí iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, fi dá wọn lẹ́kun. Apá ère kan ti já, irin inú rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ó dùn mí gan-an.

Etí odò ni mo ti pẹ́ jù. Obìnrin kan ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì wo inú rẹ̀: ó rí bíi tíì tí a da mílíìkì sí. Àwọn tí ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń rú odò náà láti òkè. Mo rántí ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ ní kékeré, pé nígbà tí àwọn èèyàn Láròóyè, ẹni tí ó tẹ ìlú wa dó, gé igi, tí ó sì wó sínú omi, ohùn kan ké láti inú odò pé, "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi ni ẹ ti fọ́ tán!" Igi kan ṣoṣo ni wọ́n wó nígbà náà, ó sì ké.

Mo ti pe àbúrò mi padà ní alẹ́ yìí. Mo ní kí ó kó wọn wá, kí wọ́n tètè gbéra kí oòrùn tó mú, kí wọ́n gbé omi mímu dání, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fẹnu kan ti odò. Èmi ni n óò mú wọn lọ síbi ògiri tí ipa ìka wà lára rẹ̀.