Owó Tó Ti Wọnú Ìkòkò Aró

Mo ti dá owó náà padà. £612. Ẹ̀yìnkùlé l'Ókè-Bàálẹ̀, l'Óṣogbo, ni mo jókòó sí tí mo fi rán an, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù.

Òjò ọjọ́ Ẹtì ló fà á. Àjà yàrá ń jò, mo sáré kó àwọn ìwé tí mo kó bọ̀ láti Leeds nílùú Ọba kúrò lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí mo ti ń tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n lè gbẹ ni mo ti rí P60, ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ owó oṣù àti owó-orí ọdún kan, ti ọdún 2023 sí 2024. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: owó-orí tí wọ́n yọ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, £612, èyí tí wọ́n yọ níbi iṣẹ́ kejì, £868, àpapọ̀ méjèèjì, £1,480. Àyà mi là gààràgà. Nígbà tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù owó-orí mi (kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń gbé oúnjẹ kiri lálẹ́ ló sọ ọ́ di dandan, owó tó ń wọlé níbẹ̀ ti ju £1,000 lọ lọ́dún), mo kọ £612 sójú ewé iṣẹ́ àkọ́kọ́, mo tún lọ kọ £1,480 sí ti ìkejì. Owó kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì. HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí nílùú Ọba, gba ohun tí mo kọ gbọ́, wọ́n sì dá owó padà fún mi kọjá ẹ̀tọ́ mi. Èmi tí mò ń pariwo fún gbogbo ilé pé ìlú Ọba mọ ìṣirò!

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí aró. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Àǹtí mi, owó ọjọ́ yẹn kì í ṣe tèmi o."

Kò gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ní kí o mú un wá ni?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan, mà."

"Ta ló wá ń lé ọ, Àkànní?"

Mi ò rí èsì fún un. Kì í kúkú ṣe pé mo jẹ́ olódodo tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, oorun ò sì kùn mí mọ́. Inú owó náà ni mo ti fún òun fúnra rẹ̀ ní 200,000 náírà tó fi ra aṣọ àti aró.

Títí di 31 Oṣù Kìíní 2026 ni wọ́n fún mi láyè láti tún fọ́ọ̀mù náà ṣe fúnra mi. Àtúnṣe ọ̀hún ò le. Kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí mo máa fi wọlé sórí ìkànnì wọn, tó ń bọ̀ lórí síìmù ìlú Ọba, ló fìyà jẹ mí. Ẹ̀bá kànga nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gbé e. Mo pa £1,480 rẹ́, mo kọ £868. Ìṣirò tuntun jáde. Èlé ṣì lè tẹ̀lé e, mo ń wojú ìwé wọn.

£430 péré ló kù ní báńkì mi lọ́hùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Leeds bá mi fi £182 sí i, mo san náírà rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ l'Álẹ́kúwodò. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ka nọ́ńbà mẹ́wàá ìdánimọ̀ owó-orí mi sókè kí n tó fi lẹ́tà K sídìí rẹ̀.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi yọjú pẹ̀lú owó nínú ọ̀rá dúdú. "60,000 rèé. Ìyókù ṣì wà lára aṣọ." Aró ti kun etí àwọn owó náà. Nígbà tó lọ tán, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. 59,000 ni. Mi ò ní sọ fún un.