Ohun tí mo kọ́ nídìí ìtàn Royal Arsenal ní Woolwich

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe project lórí ìtàn àdúgbò, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ohun tí mo rí nídìí Royal Arsenal, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn àti ọta ní Woolwich, London. Àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Thamesmead, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀ pé ilẹ̀ Arsenal ni apá kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kódà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal tẹ́ ẹ ń tìtorí ẹ̀ pariwo, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1886.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ìbọn o. Mo mọ̀ pé àgbá ńlá máa ń wọ èèyàn lójú, àmọ́ àwọn tó ṣe é ni kẹ́ ẹ wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000, obìnrin sì pọ̀ gan-an nínú wọn. Àwọn tó ń fọwọ́ kan TNT, ìyẹn ẹ̀tù abúgbàmù tí wọ́n ń rọ sínú ọta, lójoojúmọ́, awọ ara wọn á di yẹ́lò bí ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń bá jà, irun wọn náà á yí àwọ̀, ẹ̀dọ̀ àwọn kan bà jẹ́ débi pé wọ́n kú. Ẹ ò ní rí ìyẹn nínú fọ́tò tí ìjọba yà, torí wọ́n fẹ́ káwọn obìnrin mìíì wá gbaṣẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ, ètò ìkànìyàn 1921 dáa gan-an torí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé ta ló gbà wọ́n síṣẹ́ àti ibo ni wọ́n ti ń ṣe é. 2022 ni wọ́n ṣí i fáráyé, ẹ máa sanwó tẹ́ ẹ bá wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì àmọ́ ọ̀fẹ́ ni ní National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ sí, ní Kew ní London. Ẹ mú àdúgbò kan péré, bíi Well Hall ní Eltham tí ìjọba kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ Arsenal ní 1915, kẹ́ ẹ máa kà á nílé-nílé. Ṣùgbọ́n ogun ti parí nígbà ìkànìyàn 1921 yẹn, wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má retí pé ẹ ó bá gbogbo wọn níbẹ̀.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé bí ìwé ìròyìn ò bá sọ nǹkan, kò ní kó máà ṣẹlẹ̀. Ìbúgbàmù ilé iṣẹ́ TNT ní Silvertown, ní London, ní 19 January 1917, èèyàn 73 ló pa, gbogbo London gbọ́ ọ, ta ló fẹ́ bo ìyẹn? Àmọ́ ẹ wo Barnbow, ilé iṣẹ́ ọta lẹ́bàá Leeds. Lálẹ́ 5 December 1916, ọta àgbá kan bú gbàmù ní Yàrá 42, obìnrin 35 kú, nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ra nìkan ni wọ́n fi dá àwọn kan mọ̀, síbẹ̀ ìjọba ò jẹ́ kí ìwé ìròyìn gbé e, ìkéde òkú ló kàn ń jáde pé jàǹbá ló pa wọ́n. Torí náà ẹ máa ka ojú ìwé ìkéde òkú dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọmọbìnrin mẹ́ta mẹ́rin tí jàǹbá pa lọ́sẹ̀ kan náà nílùú kan náà, ẹ dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ìwé ikú wọn àti ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má fi tàwọn àgbà falẹ̀ rárá. 1967 ni ilé iṣẹ́ Woolwich tó kógbá sílé, àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré lè wà láyé. Ẹ gbé máàpù àtijọ́ dání tẹ́ ẹ bá ń lọ bá wọn, ti National Library of Scotland wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ nígbà míì wọ́n á ti yọ inú ọgbà irú ibẹ̀ kúrò nínú èyí tí wọ́n ń tà fáráàlú. Ẹ bi bàbá pé géètì wo ni wọ́n máa ń gbà wọlé láàárọ̀, ṣọ́ọ̀bù wo ló wà lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ fún wọn ní bíró kí wọ́n yà á síbi tó ṣófo yẹn.