Àwọn Oúnjẹ Òpópónà Íńdíà Tó Yẹ Kí Ẹ Tọ́ Wò, àti Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ẹ Jẹ Wọ́n Lórí Ìdúró

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń gbèrò àtilọ sí Íńdíà mọ̀ kó tó gbéra: èyí tó dára jù lọ nínú oúnjẹ òpópónà wọn kò ṣeé dì lọ sílé. Ojú ẹni ni wọ́n ti ń dín in, ojú ẹni ni wọ́n ti ń pò ó pọ̀, wọ́n sì retí pé kí ẹni tó rà á jẹ ẹ́ níbi tó dúró sí, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó gbẹ táútáú á ti rọ̀, èyí tó gbóná á ti tutù, adùn tí ẹ torí rẹ̀ rà á á sì ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa sọ bí wọ́n ṣe ń jẹ wọ́n àti ibi tí wọ́n ti ń jẹ wọ́n, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi sè wọ́n.

Pani puri ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ní Mumbai ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Golgappa ni ní Delhi, àwọn ará Kolkata sì ń pe tiwọn ní puchka. Wọ́n á po ìyẹ̀fun àlìkámà, wọ́n á tẹ́ ẹ títí á fi fẹ́lẹ́, wọ́n á gé e ní róbótó-róbótó, wọ́n á sì dín in nínú òróró gbígbóná títí á fi wú, tí inú rẹ̀ á sì ṣófo. Ẹni tó ń tà á á fi àtàǹpàkò lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, á ki pòtétò àti ẹ̀wà chana sísè sínú ihò náà, á wá rì í bọ inú ìkòkò omi tí wọ́n fi ewé míńtì, ewé kọriáńdà, àjàgbọn, ata tútù àti iyọ̀ dúdú ṣe, kó tó gbé e lé abọ́ kékeré tí wọ́n fi ewé ṣe, tó wà lọ́wọ́ yín. Odindi rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní kí òun gé e jẹ díẹ̀díẹ̀, omi ata á dà sí i láyà. Àwọn oníbàárà máa ń yí ọmọlanke ká, ẹni tó ń tà á á sì máa pín in kárí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìgbàgbé iye tí oníkálukú ti jẹ àti ẹni tó ní kí ata òun má pọ̀. Bí ẹ bá ti jẹ tán, ẹ béèrè èyí tí kò ní omi nínú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe fún oníbàárà. Ní tèmi, ti Kolkata ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àjàgbọn inú rẹ̀ kan dáadáa, wọn kì í sì í fi ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀.

Inú ọ̀wọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní chaat ni pani puri wà. Ohun tí gbogbo chaat fi jọra ni pé kíkan, dídùn, iyọ̀ àti ata gbọ́dọ̀ pàdé nínú òkèlè kan ṣoṣo, kí ohun rírọ̀ àti ohun gbígbẹ sì jọ wà níbẹ̀. Chaat masala ni èròjà tó ń gbé adùn náà yọ, wọ́n sì máa ń fi máńgòrò àìpọ́n tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, kúmínì àti iyọ̀ dúdú sínú rẹ̀. Òórùn ẹyin sísè wà lára iyọ̀ dúdú yìí, ó sì lè kọ́kọ́ ṣàjèjì sí ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí. Ẹ má ṣe torí òórùn yẹn padà sẹ́yìn, nítorí pé bí ó bá ti dé ẹnu pẹ̀lú àjàgbọn, ẹ ó rí i pé òun gan-an ló mú kí chaat jẹ́ chaat.

Létí òkun Chowpatty ní Mumbai, bhel puri ló gbajúmọ̀: ìrẹsì tí wọ́n yan títí tó fi wú, àlùbọ́sà, tòmátì, pòtétò, ọbẹ̀ àjàgbọn dídùn àti ọbẹ̀ ewé tútù tó ta sánsán. Ìgbà tí ẹ bá dé ni wọ́n ń pò ó, nítorí pé kíá ni ọbẹ̀ máa ń wọ inú ìrẹsì náà. Ẹ jẹ ẹ́ ná, kí ẹ tó ronú fọ́tò yíyà. Irú èyí tó wà ní Kolkata, jhalmuri, kò ní ọbẹ̀ dídùn nínú ní tirẹ̀. Òróró músítádì tútù ni wọ́n ń wọ́n sí i, ó sì máa ń gùn ọ̀nà imú lọ. Ní Chandni Chowk ní Delhi, ẹ wá aloo tikki, ìyẹn pòtétò gígún tí wọ́n dín lórí irin pẹrẹsẹ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n, tí wọ́n sì da yógọ́ọ̀tì àti ọbẹ̀ méjèèjì lé lórí.

Mumbai náà ló ni vada pav, ìyẹn pòtétò díndín tí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì, bí wọ́n bá sì ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo oúnjẹ òpópónà Íńdíà, òun ni màá mú. Ashok Vaidya ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó kọ́kọ́ tà á, ní ọdún 1966, níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Dadar. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ pọ̀ ní àárín ìlú nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré wọ ọkọ̀ ojú irin kò sì ráyè jókòó ti abọ́; ohun tó pọn dandan fún wọn ni oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú tó ń yó ni, tí wọ́n lè fi ọwọ́ kan mú. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1982 kó ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn sínú ìṣòro tí wọn kò bọ́ nínú rẹ̀ mọ́, àwọn kan lára òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn fi vada pav títà gbọ́ bùkátà. Búrẹ́dì, pòtétò àti ata tó wà nínú rẹ̀, àwọn ará Pọtogí ló kó wọn dé etíkun Íńdíà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ lónìí tí kò ní mọ̀ pé ọmọ bíbí Mumbai ni.

Pòtétò gígún ni wọ́n máa ń fi aáyù, ata ilẹ̀, ata tútù, ata ilẹ̀ pupa àti hóró músítádì sí, tí wọ́n á ṣù ú, tí wọ́n á rì í bọ inú ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana tí wọ́n ti pò, tí wọ́n á wá dín in bí àkàrà. Wọ́n á la búrẹ́dì kékeré náà sí méjì láìjẹ́ kó já, wọ́n á fi ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n fi aáyù, àgbọn àti ata gbígbẹ gún wọ́n inú rẹ̀, wọ́n á sì fi ata tútù díndín tí iyọ̀ wà lára rẹ̀ tì í. Ìyẹ̀fun pupa yẹn ni mo fi ń dá èyí tó dára mọ̀: bí aáyù rẹ̀ kò bá jáde, vada pav náà kò pé. Pav bhaji náà gbajúmọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ; ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi àti pòtétò ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú bọ́tà lórí irin ńlá, tí ariwo irin á sì gba àdúgbò kan. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain kì í jẹ ohun tí wọ́n hú láti inú ilẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta pav bhaji máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n rọ́pò pòtétò fún wọn, láìfi àlùbọ́sà àti aáyù sí i.

Samosa kò nílò kí n polówó rẹ̀; ibi gbogbo ló wà, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, sì ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní ààfin Delhi ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran ni kó lọ sí Lucknow, kó wá galouti kebab, ẹran tí wọ́n lọ̀ kúnná gidigidi tí wọ́n sì fi ìbẹ́pẹ àìpọ́n rọ̀, tó jẹ́ pé ahọ́n nìkan ló ń jẹ ẹ́, eyín kò ríṣẹ́ ṣe. Ní Kolkata, kathi roll ni kí ẹ béèrè, ẹran sísun tí wọ́n ká mọ́ inú paratha, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín. Ilé oúnjẹ Nizam's, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1932, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀.

Ní ìhà gúúsù, ní Chennai àti Bengaluru, dosa ló ń jọba. Ìrẹsì àti ẹ̀wà urad ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ mọ́jú kó lè kan, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí irin gbígbóná. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Íńdíà tí inú yín kò tíì mọ́ èròjà wọn lára, dosa àti idli (ìrẹsì àti ẹ̀wà urad kan náà tí wọ́n fi ooru omi sè) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọn kò nini lára, gbígbóná ni wọ́n sì ń jẹ wọ́n.

Ìlú Indore ni mo gbà yín níyànjú jù bí àkókò bá wà. Ní àárọ̀, wọ́n máa ń fi jalebi jẹ poha, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì fi ata ilẹ̀ pupa sè. Ìyẹ̀fun kíkan ni wọ́n ń fún láti inú aṣọ tó ní ihò sínú òróró láti ṣe jalebi, ní òbírí lórí òbírí, kí wọ́n tó jù ú sínú omi ṣúgà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni kí ẹ gbà á. Ní ọjà Sarafa, àwọn oníwúrà ló ń tajà lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá ti palẹ̀ mọ́ lálẹ́, àwọn olóúnjẹ á gba ojú pópó náà títí di lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru.

Nípa ìlera, omi ni kí ẹ ṣọ́ jù, pàápàá omi inú pani puri. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá omi inú ike ni wọ́n fi ṣe é, kí ẹ sì lọ síbi tí èrò pọ̀ sí, níbi tí oúnjẹ kì í ti í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ wo òróró náà pẹ̀lú. Bí ó bá ti dúdú, ẹ kọjá. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà fi ń sanwó fún wọn báyìí, ṣùgbọ́n àlejò kì í sábà ní irú àǹfààní yẹn, nítorí náà ẹ kó owó bébà rúpì 10, 20 àti 50 dání, torí pé ẹni tó ń ta vada pav kò ní rí ṣéńjì rúpì 500 fún yín láàárọ̀.