Ọjọ́ Àdéhùn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mi Tó Ja Ogun Bọ́mà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fríídọ̀mù nídìí iṣẹ́ aránṣọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń jókòó ti ẹ̀rọ ọ̀gá yín, ọ̀rọ̀ olóògbé tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bàbá Sójà ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Hítílà. Ẹ̀rọ mẹ́ta péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Owó tí Bàbá gbà nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ sójà sílẹ̀ ni wọ́n fi ra àkọ́kọ́, Singer kan tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ àdéhùn ni mo fẹ́ dúró lé. Àwọn ènìyàn ní télọ̀ kì í mú àdéhùn ṣẹ, pé "ó ku bọ́tìnì" ni orin wa lójoojúmọ́, ó sì dùn mí pé wọn kò purọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò wá gba aṣọ, ohun tí wọ́n bá sì ti kọ síbẹ̀, abẹ ti gé e.

Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá kan, mo ba gínnì funfun kan jẹ́. Ìwọ̀n ọrùn bùbá ni mo ṣì kà nínú ìwé, mo sì ti fi síìsọ́ọ̀sì gé e kí n tó rí i pé ó ti fẹ̀ jù. Dípò kí n jẹ́wọ́, mo ká aṣọ náà, mo tì í sábẹ́ àgékù aṣọ, mo sì ń ro irọ́ tí màá pa fún ìyá tó ni ín. Bàbá rí i nígbà tí ọjọ́ àdéhùn ku ọ̀la. Wọn kò gbá mi létí, wọn kò sì pariwo. Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, wọ́n na tépù lé e, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà tí mo rí sókè, kí n sì tún ka èyí tó wà nínú ìwé. Mo kà á tẹkúntẹkún. Lẹ́yìn náà, Bàbá mú owó ara wọn, a jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Gbági, a ra irú gínnì náà, Bàbá sì tan àtùpà, wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ títí àkùkọ fi kọ. Ní aago méje òwúrọ̀, àwa méjèèjì la gbé aṣọ lọ sílé ìyá náà, Bàbá sì wí fún un pé, "Ìyá wa, èyí kọ́ ni aṣọ tí ẹ kó wá o. A ba tiyín jẹ́, a ra òmíràn."

Òru ọjọ́ náà ni mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn báyìí nítorí aṣọ kan, Bàbá sì sọ ìtàn àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà fún mi. Ní 1944, nígbà tí Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Bàbá wà nínú rẹ̀, ń wọ ibẹ̀, kò sí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn sójà fúnra wọn ló la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 75 gba orí òkè, níbi tí ọ̀nà náà sì parí sí, orí ènìyàn ni wọ́n ń fi ru ẹrù. Oúnjẹ àti ọta ìbọn, láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń jù ú sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n á gbọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ń bọ̀, gbogbo wọn á máa ṣọ́ ojú ọ̀run, bí kùrukùru bá sì bo òkè, ebi ni yóò pa wọ́n mọ́jú. Bàbá ní òun ti dúró rí de ohun tí a ṣèlérí tí kò dé, òun kò sì ní fi irú ìdúró bẹ́ẹ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdúró mìíràn tún wà tó dùn wọ́n ju ti ebi lọ. Nígbà tí ogun parí ní 1945, iṣẹ́ àti owó tí wọ́n ní àwọn sójà máa rí nílé kò tẹ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí kò mú ìbọn dání ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún gómìnà, ni ọlọ́pàá bá yìnbọn fún wọn, mẹ́ta sì kú: Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey. Bàbá kò bá wọn pàdé rí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dárúkọ wọn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n bá ń fi àmì ẹ̀yẹ Burma Star sí àyà. Wọn kì í dá ọjọ́ yẹn fún oníbàárà kankan.

Nítorí náà, ẹ ka aṣọ tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gba òmíràn. Bàbá máa ń dá aṣọ padà ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, kódà bí owó ọbẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì wọlé. Mo rò nígbà náà pé oríire ni wọ́n ń lé lọ, àfi ìgbà tí èmi náà di ọ̀gá, tí mo gba ogójì aṣọ ẹbí ní Kérésìmesì kan, tí àwọn tó ni wọ́n sì dé ní ọjọ́ àdéhùn tí n kò rí nǹkan kan kó fún wọn. Bí ọwọ́ yín kò bá ní ká a, ẹ pe oníbàárà lórí fóònù kí ọjọ́ tó pé, ẹ má sì fi iná mànàmáná bojú.

Nígbà tí Bàbá papò dà, aṣọ márùn-ún ṣì wà nílẹ̀ tí ọjọ́ wọn kò tíì pé. Èmi àti àwọn méjì tí a jọ kọ́ṣẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, a ṣí ìwé náà, a sì rán wọn ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé bí Bàbá ṣe kọ ọ́. Oníbàárà tó kẹ́yìn wá ní ọjọ́ Sátidé tí Bàbá ti fi ọwọ́ ara wọn kọ sílẹ̀ fún un, ó sì bá aṣọ rẹ̀ lórí ìkọ́, a ti lọ̀ ọ́.