Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi, inú sì bí mi

Ìsìn orin Kérésìmesì ni. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 10, ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ sì nìyẹn nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé ní ìjọ wa n'Íbàdàn. Mo ti ti ìsọ̀ mi ní Gbági láti aago 2 ọ̀sán. Mo wọ aṣọ tí mo dìídì rán fún ọjọ́ náà, mo tètè dé, mo gba àga iwájú. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, orí mi wú. Mo rí Àjàní mi ní ìlà kejì, ó di ìwé orin ẹ̀ mú gírígírí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki í lábẹ́ ètè.

Wọ́n kọrin dé òpin, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, mo ń wò ó kòrókòró, àmọ́ ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde láti ẹnu ọmọ tó lé ní 20. Nígbà tí a délé, mo tẹ fóònù mọ́ etí, mo gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, síbẹ̀ mi ò dá a mọ̀. Inú bí mi. Gbogbo owó ọkọ̀ yẹn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó fi ń lọ ṣe ìdánrawò yẹn, ṣé kí ọmọ mi lè wá máa la ẹnu lásán ni?

Bàbá tó ń darí akọrin wa ti lé ní 60 ọdún. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọmọ mi ń kọrin lóòótọ́?" Wọ́n ní, "Ìyá Àjàní, ó ń kọ ọ́ dáadáa. Tí ẹ bá ti lè dá ohùn ẹ̀ mọ̀ láàárín wọn, a jẹ́ pé iṣẹ́ mi ò tíì parí lórí ẹ̀. Ẹ wá jókòó tì wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Mo lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ akọrin: kí ẹ tó lọ wo ìsìn ńlá kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó níbi ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má yọ fóònù.

Fún bí ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, wọn ò kọ orin kankan. Mímí ni wọ́n ń kọ́: ọwọ́ lórí ikùn, kí ikùn wú, kí èjìká má gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n pe "à" lóhùn kan náà títí, Bàbá sì ń lọ láti ìlà dé ìlà, wọ́n ń wo ẹnu wọn. Mi ò mọ̀ rí pé bí ẹnu bá ṣí yàtọ̀ síra, ohùn á yàtọ̀ síra. Wọ́n kọ sol-fa, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ohùn orin sílẹ̀, sí pátákó, d, r, m, f, s, àwọn ọmọ sì kà á jáde bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn áátò, ìyẹn àwọn tó ń kọ ohùn abẹ́ ti òkè, dá kọ tiwọn, kò dùn létí mi rárá; ibì kan náà ni wọ́n ń pa dà sí ṣáá. Ìgbà tí tírẹ́bù, ohùn òkè, gùn ún lórí ni mo tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́, omi sì bọ́ lójú mi.

Ọmọ mi, tí mo máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹta nílé kó tó dáhùn, ń wo ọwọ́ Bàbá láìṣẹ́jú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sáré ṣíwájú orin, ó fi ìgúnpá tọ́ ọ díẹ̀, ohùn àwọn méjèèjì sì wọnú ara wọn pa dà. Nǹkan tó yẹ kí n máa fi ọmọ mi yangàn nìyẹn, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i.

Ohun mìíràn tí mo bá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Gbogbo wa la kọ́ dò, re, mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́. Púpọ̀ nínú orin ìyìn àtijọ́, inú ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n da ọ̀rọ̀ Yorùbá sí, orin á máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Bàbá máa ń dúró nírú ibẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ sọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé kí wọ́n tó kọ ọ́ lórin. Lẹ́nu Bàbá ni mo ti gbọ́ nípa Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá Aníkúlápó Kútì, tí wọ́n gba orin Yorùbá ẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922; àti Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó darí orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, tó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n pa dà di gbajúmọ̀ òǹkọ orin, abẹ́ Phillips ni àwọn méjèèjì ti kọrin ní kékeré, láàárín àwọn ọmọ yòókù, lórí ìlà. Láti ìgbà yẹn, mi ò sọ pé "kọrin fún mi" mọ́ nílé. Mo máa ń ní kó sọ ọ̀rọ̀ orin náà fún mi, ká jọ wá ìtumọ̀ ẹ̀.

Mo ṣì ṣe àṣìṣe lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n fún un ní ìlà méjì kó dá kọ. Kí n tó mọ̀, mo ti jó dé iwájú, mo ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Iye tó ń kà lọ́kàn dàrú mọ́ ọn lójú. Ohùn ẹ̀ já, àwọn yòókù ò mọ ibi tí wọ́n máa ti gbè é, dùùrù nìkan ló ń lọ. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí orin parí. Ẹ fi owó yẹn ra oúnjẹ fún gbogbo wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìgbà tó pé ọmọ ọdún 13. Òun ló ń ṣáájú àwọn tírẹ́bù nígbà yẹn. Lójijì, ohùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: á wà lókè, á já lulẹ̀, á ha. Mo fún un ní oyin, mo fún un ní atalẹ̀ àti orógbó, mo ní kó máa dá wà ní yàrá kó máa na ohùn náà sókè. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì fi pa mọ́ fún mi. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọn ò pariwo lé mi lórí. Wọ́n ní, "Ìyá Àjàní, ọmọ yín ò ṣàìsàn. Ó ń dàgbà ni." Wọ́n ṣàlàyé pé bí ọmọkùnrin bá ti ń bàlágà, gògóńgò ẹ̀ ń tóbi, tán-án-ná inú ẹ̀, ibi tí ohùn ti ń jáde, ń gùn, ó sì ń nípọn, ohùn á wálẹ̀ bí ti ìyá ìlù ṣe wálẹ̀ ju ti omele lọ. Ti àwọn ọmọbìnrin náà ń yí pa dà, àmọ́ kì í jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fipá tì í sókè lásìkò yẹn lè pa á lára. Wọ́n gbé e lọ sí áátò, wọ́n ní kó máa kọ kìkì ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n sì ní kó máa pín ìwé orin kó má baà rò pé wọn ò nílò òun mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ṣì máa máa wá tí mi ò bá sí níwájú mọ́?" Mi ò lè sùn. Ọmọ mi ti gbà pé ohùn òkè yẹn ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe òun. Ẹ̀yin tí ọmọkùnrin yín ti ń sún mọ́ ọdún 12, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ti àwọn nǹkan kéékèèké: kó jẹun bíi wákàtí kan ṣáájú ìdánrawò, kó má fi ebi lọ, kó má sì yó bámú. Omi lásán ni kó mú dání, kì í ṣe mínírà tútù. Ẹ ya owó ọkọ̀ míkírà àlọ àti àbọ̀ sọ́tọ̀. Tí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ bá ń bọ̀, ẹ lọ sọ fún olórí akọrin fúnra yín. Tó bá sì ṣẹ̀ yín nílé, ẹ má fi ìdánrawò jẹ ẹ́ níyà. Gbogbo ìlà ẹ̀ ni ẹ ń jẹ níyà yẹn, torí wọ́n ti ka ohùn ẹ̀ mọ́ tiwọn.

Ó ti pé ọmọ ọdún 16 báyìí. Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ló ń kọ, ẹ̀yìn pátápátá ló ń dúró sí, àwọn tó ga jù ú lọ ń bò ó lójú mi. Mo ṣì ń lọ. Lálẹ́ àná, ó ń fọ abọ́, ó ń kọ báàsì orin Àjíǹde kan, èyí tó jẹ́ pé tí ẹ bá gbọ́ ọ ní òun nìkan, ẹ ò ní mọ orin tó jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé ohùn òkè níbi tí mo ti ń ro àmàlà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti lọ sókè jù, ẹ gba dò lẹ́nu mi," ó sì fún mi ní dò.