Ẹ yí ẹ̀yìn àdìrẹ wò kí ẹ tó sanwó ní Ìtòkú

₦18,000 ni mo kó kalẹ̀ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ Sátidé, inú sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Ojú irin ni mo bá lọ láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ yẹn ti ń kó èrò, n kì í wọ mọ́tò lọ Abẹ́òkúta mọ́. Ó mọ́ tónítóní, kò sí gósíló. Àwọn onítakisí Láàdẹrin, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já èrò Abẹ́òkúta sílẹ̀, nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: wọ́n rí báàgì mi, wọ́n pe owó ní ìlọ́po méjì.

Ní Ìtòkú, ọmọbìnrin kan na aṣọ yáàdì márùn-ún sí mi. "Àǹtí mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ọwọ́ la fi ya gbogbo ẹ̀." Mo fọwọ́ pa á, ó dán, mo sanwó.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi ni mo sùn, ní abúlé kan lọ́nà Odẹ́dá. Mo fi aṣọ náà han Màmá. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ẹ̀rọ ló tẹ èyí, ọmọ mi. Ṣé o rí ẹ̀yìn ẹ̀ bó ṣe funfun?"

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ìró ayé àtijọ́ kan jáde. Ojú rẹ̀ kún fún ọnà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, aró nìkan. Wọ́n ní ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn tí kò ní ẹ̀kọ, aró á mu ún tán.

Wọ́n tún mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n já ewé kan sí mi lọ́wọ́. Èlú ni! Ewé tí mo tẹ̀ kọjá láàárọ̀ bí ìgbà téèyàn ń tẹ koríko. Wọ́n á gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó kó o sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Aṣọ á kọ́kọ́ jáde bí àwọ̀ ewé; afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró.

Ó dùn mí gan-an. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá mi, àìmọye àdìrẹ ni mo ti fi ṣe aṣọ ẹbí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n yí aṣọ sẹ́yìn. Àwa ará Èkó la sì ń pe irú Màmá yìí ní ará oko.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo padà sí Ìtòkú. Ọmọbìnrin yẹn ò gba aṣọ rẹ̀, kò sì dá owó mi padà. Mo bá bọ́ sí ìsọ̀ ìyá kan nísàlẹ̀, mo ń yí aṣọ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta àkọ́kọ́ funfun lẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin dúdú, òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀. ₦25,000 ni, kò sì dùn mí rárá láti san án.

Ẹ má fọ irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun o. Omi ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fi ṣan tèmi ṣì dúdú.